Kóńgò ìrẹsì márùn-ún, wọ́n sì gba ojú Màmá lọ

Mo mọ̀ pé bí mo bá ti mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ fóònù àti ìgbàgbọ́ báyìí, àwọn kan á ti máa rò ó pé mo fẹ́ bú àwọn ọ̀dọ́ ni, pé mo fẹ́ sọ pé Facebook ti sọ gbogbo wọn di kèfèrí. Mi ò ní í sọ bẹ́ẹ̀, nítorí irọ́ ni. Ohun tí mo ń fojú ara mi rí lójoojúmọ́ lójú títì tó ti Ìwó Road wá, tó gba Alákíà kọjá títí dé Ẹgbẹ́dá níbí, kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wọ mikirá láàárọ̀. Bí aago méje bá ti lù báyìí, dírẹ́bà á ti tan àdúrà Pásítọ̀ Jerry Eze sórí fóònù ẹ̀. Ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì pa, ni àdúrà yẹn gbalẹ̀ lórí YouTube, kò sì tíì kúrò nílẹ̀ títí dòní. Ẹni tó jókòó níwájú á máa ṣe àmín, ìyá tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì lé itan á máa ṣe àmín, ẹni tó ń bá dírẹ́bà jà nítorí ṣéńjì nìkan ni kò ní í ráyè. Kó tó dìgbà yẹn, lóṣù kẹfà, ọdún 2017, Nathaniel Bassey ti bẹ̀rẹ̀ Hallelujah Challenge tiẹ̀ lórí Instagram. Aago méjìlá òru ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, odindi wákàtí kan ni wọ́n sì fi ń yin Ọlọ́run lógo. Bàbá ọlọ́dẹ kan wà ládùúgbò wa, ọjọ́ Sọ́ńdè gan-an niṣẹ́ wọn máa ń le jù, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ń ráhùn pé àwọn ò rí ìsìn ṣe. Fóònù kékeré tí ọmọ wọn rà fún wọn ni wọ́n fi ń gbọ́ ìwàásù báyìí lóru, tí wọ́n á fi tọ́ọ̀ṣì sórí itan, tí wọ́n á máa mi orí. Èmi ò lè bú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láéláé.

Àti pé, ká má tan ara wa jẹ, ọjọ́ ti pẹ́ tí ìgbàgbọ́ àti ìròyìn ti jọ ń rìn nílẹ̀ Yorùbá. Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ l'Abẹ́òkúta lóṣù kejìlá, ọdún 1859, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ló dá a sílẹ̀, Henry Townsend, ará ìjọ CMS. Ẹ wo ohun tó ń wà nínú ẹ̀: àwọn tó ṣèrìbọmi, àlùfáà tó dé àti àlùfáà tó lọ, àwọn tó kú nínú ìjọ, kó tó wá kan ọ̀rọ̀ òwò àti ti òṣèlú. Àbí ẹ ò rí i pé fọ́tò ìrìbọmi tí àwọn ọmọ wa ń gbé sórí Facebook kì í ṣe nǹkan tuntun? Townsend náà kò mọ sórí ọ̀rọ̀ ìjọ nìkan, ó fi ìwé yẹn bá ìjọba òyìnbó tó wà l'Ékòó fa wàhálà gidi. Ọdún 1867 tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò l'Abẹ́òkúta, nínú rògbòdìyàn tí wọ́n pè ní Ìfọ́lé, ni ìwé náà kógbá sílé. Oníwèé ìròyìn tó ń bá ìjọba fà á, ọjọ́ wọn ti pẹ́ láyé.

Lọ́dún 1930, nígbà ìsọjí Òkè-Oòyè n'Íléṣà, ẹnì kan ò ní fóònù lápò, síbẹ̀ ìròyìn Joseph Ayọ̀ Babalọlá kàn káàkiri, táwọn èèyàn ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ẹgbẹ́ wa náà á rántí Agbára Ńlá tí Mike Bámilóyè àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Mount Zion ṣe, bí ilé ẹni tó ní tẹlifíṣàn ṣe máa ń kún bámúbámú. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ ló ń ba ìgbàgbọ́ jẹ́, kò mọ bí ìgbàgbọ́ ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni pé, nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ń dúró sí. Wọ́n mọ ọjọ́ tí àìsàn dá ọmọ ẹ̀ gúnlẹ̀, wọ́n mọ ẹni tó yá a lówó oògùn. Bó bá bù mọ́ ọn, wọ́n á wo ara wọn lójú; bó bá sunkún, wọ́n á bá a sun ún. Tí ìsìn bá sì parí, ọ̀rọ̀ náà bá wọn lọ sílé nìyẹn, ó tán. Fóònù kì í jẹ́ kí nǹkan tán. Obìnrin kan kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ àdúrà wọn lórí WhatsApp pé kí wọ́n bá òun bẹ Ọlọ́run nítorí ọmọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnì kan ti ya ohun tó kọ, ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ ẹ̀. Ẹ ò sì rí àwọn tó ń fi àdúrà halẹ̀ mọ́ èèyàn, pé bó ò bá fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá, ìbùkún ẹ kọjá lọ nìyẹn. Bíi pé Ọlọ́run náà ń ra dátà.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa ẹnu mọ́ o. Lọ́dún 2017 tí Ìfẹ́dayọ̀ Ọlárìndé, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Daddy Freeze, gbé ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá dé, àwọn tọkọtaya wà tí wọn ò fẹnu kò lórí ẹ̀ títí dòní. Lójú tèmi, kéèyàn béèrè ibi tí owó ìjọ ń gbà lọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló tó bẹ́ẹ̀ tó máa nawọ́ sókè nígbà tí pásítọ̀ bá ń wàásù lọ́wọ́? Fóònù ló fún àwọn ọmọ wa lẹ́nu. Èébú tó wọnú ẹ̀ ni mi ò fẹ́, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí lọ́dún 2020, ó jáde wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù David Oyèdépò lórí fídíò kan tó fi bú wọn. Nígbà tí ìjọba Bùhárí sì ti Twitter pa lóṣù kẹfà, ọdún 2021, Baba Adébóyè ti Redeem wà lára àwọn tó ṣì ń kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, wọ́n ní ìjọ àwọn wà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 170. Oṣù kìíní, ọdún 2022, ni wọ́n tó ṣí i padà. Ẹni tí ò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìjọ ti ní ilé kejì lórí ẹ̀rọ ayélujára, ìgbà yẹn ló yẹ kó ti mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó jẹ́ kí n mú bírò lọ́sẹ̀ yìí gan-an. Ìyá kan wà ládùúgbò wa, opó ni wọ́n, gàrí ni wọ́n ń tà. Wọ́n á ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Erúnmu, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á yan án fúnra wọn. Ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta, mi ò sì rí i rí kí wọ́n lọ tọrọ nǹkan lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún, ọdún 2023, kò sẹ́ni tí mo máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ bí nǹkan ṣe le tó fún.

Nígbà Kérésì tó kọjá, ìjọ kan, mi ò ní í dárúkọ wọn, wá pín ìrẹsì àti òróró fún àwọn opó. Nǹkan rere ni, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé ọ̀rá ìrẹsì lé Màmá lọ́wọ́, ọmọkùnrin kan ti na fóònù. Wọ́n ní kí Màmá dúró síwájú aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ìjọ sí, kí wọ́n gbé ìrẹsì náà sókè, kí wọ́n dárúkọ ara wọn, kí wọ́n sì sọ pé láti àná làwọn ò ti jẹun. Màmá ní, “Ṣùgbọ́n mo jẹun lánàá.” Wọ́n ní kí Màmá ṣáà bá àwọn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé kò ní nǹkan kan. Àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń dúró kó kàn wọ́n. Màmá sọ ọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni fídíò náà dé orí Facebook. Ọjọ́ kejì, ó ti wà lórí fóònù gbogbo àdúgbò. Nígbà tí iléèwé wọlé lóṣù kìíní, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Màmá obìnrin ti sọ ọ́ lórúkọ tuntun, “Láti-àná.” Láti-àná, ṣó o ti jẹun? Ọmọ náà ní òun ò lọ síléèwé mọ́. Ìyẹn nìkan kọ́. Àgbẹ̀ tó máa ń ta ẹ̀gẹ́ fún Màmá láwìn láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òun náà ti wo fídíò, ó ní kí Màmá máa san owó lọ́wọ́ báyìí, nítorí òun ò mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá ń ṣòwò á mọ ohun tí mo ń wí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Màmá ò fi rí gàrí yan. Nígbà tí mo lọ kí wọn, ohun tí wọ́n sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: “Kóńgò ìrẹsì márùn-ún ni wọ́n fún mi, ojú mi ni wọ́n gbà.”

Jésù fúnra ẹ̀ kìlọ̀ nínú Mátíù orí kẹfà pé ẹni tó bá ń ṣàánú kò gbọdọ̀ máa fun fèrè síwájú ara ẹ̀. Fèrè ni wọ́n ní nígbà yẹn.

Mo wá ọmọkùnrin tó ya fídíò yẹn lọ. Ọmọ dáadáa ni o, ẹ má bínú sí i. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó fowó ránṣẹ́ láti London àti Houston ní àwọn fẹ́ rí ẹ̀rí. Bí wọn ò bá rí fídíò, wọn ò ní í fi òmíràn ránṣẹ́.” Ó tún sọ òmíràn fún mi. Ó ní ìjọ fẹ́ kí ìkànnì àwọn lórí YouTube máa pawó wọlé, pé ó gbọ́dọ̀ ní èèyàn 1,000 tó forúkọ sílẹ̀, kí àwọn èèyàn sì ti fi wákàtí 4,000 wò ó láàrin ọdún kan, kí wọ́n tó lè máa fún àwọn nínú owó ìpolówó. Ìwàásù pásítọ̀ àwọn, ó ní èèyàn díẹ̀ ló ń wò ó. Èyí tí opó bá ti ń sunkún nínú ẹ̀ lèrò máa ń pọ̀ sí. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta ẹran.

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà lókè òkun, owó yín ni, àwọn èèyàn sì ti jẹ ẹ́ rí, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bí wọ́n ṣe ná an. Ẹ béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó ta ìrẹsì. Ẹ ní kí alàgbà méjì fọwọ́ sí iye kóńgò tí wọ́n pín àti iye ilé tó dé. Ẹ lè ní kí wọ́n ya àpò ìrẹsì lásán ránṣẹ́ kó tó kúrò nínú ọkọ̀, ìrẹsì kì í tijú. Ẹ má ṣe béèrè ojú ìyá arúgbó.

Ìjọba náà ti sọ̀rọ̀ sí i. Oṣù kẹfà, ọdún 2023, ni wọ́n fọwọ́ sí òfin Nigeria Data Protection Act, tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ nípa èèyàn. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn lónìí pé kí wọ́n lo nǹkan nípa òun, òfin náà fún un láyè láti sọ lọ́la pé òun ò fara mọ́ ọn mọ́. Ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn èèyàn àti nípa ìlera ẹ̀ sì wà lára àwọn tó mú le jù. Mi ò ní kí Màmá lọ síbi ẹjọ́ kankan ṣá, àwa tá a jọ ń kí ara wa lójoojúmọ́ l'Ẹ́gbẹ́dá, ibo la máa bá a dé? Alàgbà ìjọ yẹn la tọ̀ lọ, wọ́n gbọ́ wa lágbọ̀ọ́yé, wọ́n ní kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì yọ ọ́. Èyí táwọn ọmọ iléèwé ti gbà sórí fóònù tiwọn, alàgbà ò lè yọ ìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ oní-fídíò náà wá sílé Màmá, ó wá bẹ̀ wọ́n. Mo wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, Màmá ní kó dìde. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, ó ní ìkórè ń bọ̀, àwọn tún máa pín nǹkan, pé bí òun bá kúkú ya àwọn màmá láti ẹ̀yìn ńkọ́, tí ojú ẹnikẹ́ni ò ní í hàn?

Màmá ń sẹ́ gàrí lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “ìró méjì péré ni mo ní tí mo ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ni kò mọ ẹ̀yìn mi l'Ẹ́gbẹ́dá?”