Ànàmọ́ òyìnbó tí òfin dá dúró ní Uganda

Bí òjò bá ń rọ̀ léraléra ní òkè Kabale, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Uganda, ọkàn àwọn tó ń gbin ànàmọ́ òyìnbó kì í balẹ̀. Àrùn kan wà tó fẹ́ràn òtútù àti ìrì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni yóò sọ oko tútù yọ̀yọ̀ di dúdú bí èyí tí iná rà. Òun náà ló dá ìyàn sílẹ̀ nílẹ̀ Ireland lọ́dún 1845, èyí tó pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn. Oògùn ni àgbẹ̀ ń fín sí i, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí wọn yóò fi wa iṣu rẹ̀. Owó ńlá ni, ewu sì ni fún ẹni tó ń fín in láìwọ ìbọ̀wọ́.

Àwọn onímọ̀ Uganda àti ilé ìwádìí ànàmọ́ àgbáyé tó wà ní Lima, ní Peru, wá mú Victoria, ẹ̀yà tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti mọ̀ dáadáa, wọ́n fi àbùdá mẹ́ta kún un láti ara ànàmọ́ inú igbó ilẹ̀ Mexico àti Argentina. Wọn kò fi mọ sí ẹyọ kan, nítorí pé àrùn náà ń yí padà, kì í sì í pẹ́ borí àbùdá tó bá dá dúró. Nínú oko ìdánwò tí wọn kò fín oògùn sí, ewé Victoria tuntun kò jóná.

Òfin ni kò jẹ́ kó dé oko. Lọ́dún 2017, ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí àbádòfin, ṣùgbọ́n Ààrẹ Yoweri Museveni kò buwọ́ lù ú. Ó fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀tọ́ àwọn tó ti ń tọ́jú irúgbìn ìbílẹ̀ láti ìrandíran yóò já sí, bí ẹlòmíràn bá fi nǹkan díẹ̀ kún un tó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2018, wọ́n ní kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe ìpalára san gbèsè rẹ̀, ì báà má jẹ̀bi àìbìkítà. Ó wá kan àwọn onímọ̀ láti figbe ta. Lọ́dún 2019, Ààrẹ tún dá a padà.

Ìbéèrè Museveni tọ̀nà. Àmọ́ ojú kan náà ni àbádòfin yìí fi wo gbogbo ohun ọ̀gbìn, bẹ́ẹ̀ wọn kò rí bákan náà. Atẹ́gùn a máa gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó àgbàdo wọ oko ẹlòmíràn. Iṣu ànàmọ́ òyìnbó ni wọ́n ń gbìn ní tirẹ̀, kò sì ní ìbátan nínú igbó Uganda tí àbùdá rẹ̀ lè dà pọ̀ mọ́. Èyí tó kan àgbẹ̀ Kabale gan-an ni bóyá yóò lè ṣa iṣu tirẹ̀ pa mọ́ fún ọdún tó ń bọ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.