Sinimá Amí àti Ilẹ̀kùn Tí Àbújá Tì

Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè fi ọwọ́ kan ibi tí Òrè wà lórí àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà lè ròyìn James Bond láti orí dé ẹsẹ̀. Ó mọ ọkọ̀ rẹ̀, ó mọ ìbọn rẹ̀, ó sì mọ irú ọtí tí ó ń mu. Bí ó bá tún jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn díẹ̀, yóò ti wo The Imitation Game, sinimá ọdún 2014 nípa Alan Turing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n tú àṣírí ẹ̀rọ Enigma àwọn ará Jámánì ní Bletchley Park nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ohun tí ó burú ni pé akẹ́kọ̀ọ́ náà gbàgbọ́ pé iṣẹ́ òyìnbó ni iṣẹ́ amí, àti pé Ogun Abẹ́lé tí wọ́n jà ní Nàìjíríà láti 1967 sí 1970 kò ní ju ìbọn, ebi àti òkú lọ. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ni í wà ní Àbújá.

Pé Yorùbá kò mọ iṣẹ́ amí kò tilẹ̀ yẹ ní ohun tí ènìyàn ń jiyàn lé lórí. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Mọremí jẹ́ kí àwọn ará Ùgbò kó òun lẹ́rú, ó di aya ọba wọn, ó sì fi sùúrù gbọ́ àṣírí pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni àwọn tí ó ń dẹ́rù ba Ifẹ̀, pé ìko ni wọ́n fi bo ara, àti pé iná ni ẹ̀rọ̀ wọn. Lẹ́yìn èyí ni ó sá padà wálé. Kí ni àwọn òṣìṣẹ́ Bletchley ṣe tí ó ju èyí lọ? Wọ́n jókòó, wọ́n fi sùúrù tú àṣírí ọ̀tá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. (Àwọn oníṣinimá kì í fẹ́ràn èyí. Obìnrin tí ó jókòó ti ìwé kò dùn ún wò bí ọkùnrin tí ó ń fò láti orí òrùlé dé orí òrùlé.)

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pa ọ̀rọ̀ Bletchley mọ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ìwé tí F. W. Winterbotham tẹ̀ jáde ní 1974 ni ó tú u síta fún ayé gbọ́, ìwé mìíràn àti sinimá sì tẹ̀lé e. Ìjọba wọn kò wó. Ogun Nàìjíríà ti parí láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970.

Ní Àbújá ni Ìgbìmọ̀ tí ó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò fi ṣe ibùjókòó. Oṣù kẹrin ọdún 2014 ni ó yẹ kí Half of a Yellow Sun dé ilé sinimá káàkiri Nàìjíríà. Biyi Bandele, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Kafanchan, ni ó darí rẹ̀, láti inú ìwé Chimamanda Ngozi Adichie. Ìgbìmọ̀ kò tètè fi ọwọ́ sí i. Ó di oṣù kẹjọ kí àwọn ará ìlú tó rí i, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé nínú rẹ̀. Ìtàn ìfẹ́ sì ni o, ìtàn ìbejì méjì àti àwọn ọkùnrin wọn. Kò sí àṣírí ológun kan tí ó tú. Bí ìtàn ìfẹ́ bá jìyà tó báyìí, ta ni yóò náwó lé ìtàn amí?

Àwọn kan a máa sọ pé egbò ogun kò tí ì jinná, pé ẹni tí ó bá ṣí i ń wá ìjà. Òtítọ́ wà níbẹ̀, nítorí ẹni tí ó sin ọmọ rẹ̀ ní 1968 ṣì lè wà láàyè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ Victor Banjo. Ọ̀gágun ọmọ Yorùbá ni, ó wà lọ́dọ̀ àwọn Biafra, àwọn ọmọ ogun tí ó kó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1967 sì rìn títí dé Òrè. Ní oṣù kẹsàn-án, Biafra kan náà yìnbọn pa á ní Enugu pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn, wọ́n ní ó dìtẹ̀. Nínú ilé kan olùgbàlà ni, nínú òmíràn ọ̀dàlẹ̀ ni, nínú ẹ̀kẹta amí ìjọba àpapọ̀ ni. Àgbọ́sọ ni ó ń ṣe ìdájọ́, nítorí ìwé ẹ̀rí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kẹjọ yẹn gan-an ni ìjọba Gowon mú Wọlé Ṣóyínká, nítorí ó lọ sí Enugu lọ rí Ojukwu. Wọn kò gbé e dé ilé ẹjọ́. Oṣù kẹwàá ọdún 1969 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, lẹ́yìn ìdáwà gígùn ní ẹ̀wọ̀n Kàdúná. Awam Amkpa fi èyí ṣe The Man Died ní 2024, Wale Ojo sì ṣe Ṣóyínká nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ribiribi ni. Síbẹ̀, ìwé ẹni tí wọ́n mú ni sinimá náà gbé ka. Àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ ọ, tí wọ́n ń bi í léèrè, tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí fáìlì ńkọ́?

Òfin ọdún 2011 fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, ó sì fi àlàfo sílẹ̀ fún ìjọba láti kọ̀ bí ó bá ní ọ̀rọ̀ ààbò ni. Ààbò ta ni ó wà nínú fáìlì tí ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ? Ìgbìmọ̀ fíìmù ní àmì tí ó lè fi dá ọmọdé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí ó lò ó, kí ó gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí ó ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé náà lè fi ti Enugu àti Kàdúná, oṣù kẹjọ ọdún 1967, bẹ̀rẹ̀.