Mödlareuth: Abúlé Kan, Odò Kan, Ìjọba Méjì

Ní Mödlareuth lórílẹ̀-èdè Jámánì, ẹni tó bá fẹ́ fi tẹlifóònù ilé pe aládùúgbò rẹ̀ ní òdìkejì odò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà agbègbè mìíràn, bí ẹni ń pe ìlú òkèèrè. Odò ọ̀hún kò fẹ̀ rárá. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá ṣì le yóò fò ó kọjá. Àwọn tó ń gbé lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ kò ju nǹkan bí 50 lọ. Síbẹ̀, abúlé yìí ní mẹ́yọ̀ méjì, nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ méjì, àti ìpínlẹ̀ méjì tó ń ṣòfin fún un. Bó ṣe di bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ tọpa rẹ̀ lónìí.

Ẹ mú àwòrán ilẹ̀ Jámánì, kí ẹ wá ibi tí ìpínlẹ̀ Bavaria, Thuringia àti Saxony ti pàdé. Mödlareuth kò jìnnà síbẹ̀. Ó wà ní àríwá ìlú Hof, ní agbègbè olókè tí wọ́n ń pè ní Vogtland. Oko, pápá koríko àti igbó ló yí i ká. Orúkọ abúlé náà fúnra rẹ̀ ń sọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ dó: lápá ibẹ̀, ìlú tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí "reuth", bíi Bayreuth, ibi tí àwọn àgbẹ̀ ti ṣán igbó kí wọ́n tó kọ́lé ni. Tannbach ni odò tó là á já, ìyẹn odò igi firi. Ó ń ṣàn lọ bá odò Saale, Saale ń ṣàn lọ bá Elbe, Elbe ló sì ń gbé omi náà dé òkun.

Pèrègún la fi ń pààlà oko nílẹ̀ wa. Òkúta ni wọ́n fi pa ti Mödlareuth. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni odò náà ti jẹ́ ààlà, ṣùgbọ́n ọdún 1810 ni wọ́n ri òkúta mọ́lẹ̀ sí etí rẹ̀. Ọdún yẹn ni Bavaria ra ilẹ̀ Bayreuth lọ́wọ́ Napoleon, tí agbára ọba Bavaria fi dé Tannbach. Wọ́n fín KB sára òkúta, lẹ́tà tó dúró fún Ìjọba Ọba Bavaria ní èdè Jámánì, wọ́n sì fín FR fún ilẹ̀ àwọn ọmọ aládé Reuß tó wà ní òdìkejì. (Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Nínú ìdílé Reuß yìí, Heinrich ni gbogbo ọmọkùnrin ń jẹ́ láti ìran dé ìran, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Àwa tí bàbá, ìyá àti ìyá àgbà kálukú máa ń sọ ọmọ lórúkọ tiwọn, ẹ ò rí nǹkan?)

Kí ni ààlà ọ̀hún wá ṣe fún ará abúlé? Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan. Ọba wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, apá Thuringia ló wà. Ibẹ̀ náà ni ilé ọtí wà. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo wọn á gba ọ̀nà Töpen ní Bavaria lọ, torí ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì wà. Nígbà tí àwọn ọba Jámánì kúrò lórí ìtẹ́ ní 1918, tí ilẹ̀ Reuß sì di ara Thuringia ní 1920, ìgbé ayé etí odò kò yí padà. Mo fẹ́ kí ẹ di ibi yìí mú dáadáa, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn abúlé yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ògiri, bí ẹni pé ààlà fúnra rẹ̀ ló mú ìyà wá. Òkúta wọ̀nyẹn ti lé ní 130 ọdún nílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ẹnikẹ́ni níbi.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Àwọn tó ṣẹ́gun pín Jámánì mọ́ra wọn lọ́wọ́, wọn kò sì wọn ilẹ̀ lákọ̀tun. Ààlà ìpínlẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n lò. Thuringia bọ́ sọ́wọ́ Sófíẹ́ètì, Bavaria bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Ní 1949, apá Bavaria di Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, apá Thuringia di Ìlà-Oòrùn Jámánì. Fún ọdún mélòó kan, ará abúlé tó bá ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ṣì ń rí ọ̀nà kọjá.

Oṣù Karùn-ún 1952 ni ìjọba Ìlà-Oòrùn ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ya ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà 5 sọ́tọ̀ lẹ́bàá ààlà. Mítà 500 tó kángun sí ààlà ni òfin rẹ̀ wá le jù. Ní ẹnu ààlà gan-an, wọ́n ro mítà 10 mọ́ kedere, kí ẹsẹ̀ ẹni tó bá sá kọjá lè hàn lórí iyẹ̀pẹ̀. Inú mítà 500 ni Mödlareuth bọ́ sí. Àlejò kò lè débẹ̀ láìgbàṣẹ, ìbáà jẹ́ ìsìnkú ló ń bọ̀ wá bá wọn ṣe. Onílé pàápàá kò gbọdọ̀ rìn ní gbangba lóru. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, wọ́n kó àwọn tí ìjọba kò fọkàn tán kúrò lẹ́bàá ààlà. Wọ́n lé ní 8,000 ní gbogbo Ìlà-Oòrùn Jámánì, àwọn ará Mödlareuth sì wà lára wọn. Orúkọ tí àwọn aláṣẹ Thuringia fún iṣẹ́ yìí ni "Ungeziefer". Ọ̀rọ̀ tí Jámánì ń lò fún kòkòrò ajẹnirun àti eku ilé nìyẹn.

Ọgbà pákó ni wọ́n kọ́kọ́ fi dí abúlé náà, lẹ́yìn náà wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Ní 1966 ni wọ́n mọ ògiri kọnkéré tó gùn ní mítà 700, tó sì ga ní mítà 3.3. Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ ògiri. Gbogbo ààlà Jámánì méjèèjì gùn tó kìlómítà 1,393, wáyà ló sì wà ní èyí tó pọ̀ jù. Níbi tí ilé bá ti sún mọ́ ààlà ni wọ́n ti ń mọ ògiri, nítorí wáyà kì í dí ojú. Ará apá Bavaria lè juwọ́, ó lè kígbe kí ẹni tí wọ́n jọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Ará apá Thuringia kò gbọdọ̀ dá a lóhùn. Àwa tí a ní ìkíni fún ẹni tó jókòó, ẹni tó dúró àti ẹni tó ń dirun lọ́wọ́, a mọ ohun tó túmọ̀ sí pé kí wọ́n kí ènìyàn, kí ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn sójà Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ apá ìwọ̀-oòrùn ló sọ ibẹ̀ ní Berlin Kékeré. Orúkọ náà tàn débi pé George Bush, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, wá wo ògiri yìí ní oṣù Kejì 1983. Ẹnì kan ṣoṣo ló rí i gùn kọjá nínú abúlé náà, ọkùnrin kan ní 1973, àkàsọ̀ ló sì fi gùn ún.

Ògiri Berlin là ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá 1989. Mödlareuth dúró fún oṣù kan gbáko kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fún un ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá. Nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 1990, katapílà wọlé, ó sì wó ògiri náà. Àwọn kan ní kí wọ́n má wó o tán. Nǹkan bí 100 mítà ló ṣẹ́ kù, òun àti ilé ìṣọ́, tí wọ́n wá di ara ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan náà. Ní 2015, tẹlifíṣọ̀n Jámánì ṣe eré alátẹ̀léra tó ń jẹ́ "Tannbach", ìtàn abúlé yìí ni wọ́n sì wò ṣe é.

Ààlà wá ńkọ́? Ó wà níbẹ̀ di òní. Odò náà ṣì ni ààlà Bavaria àti Thuringia. Nọ́ńbà ọkọ̀ apá Bavaria bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú HO, ti Thuringia bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SOK. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí Martin Luther, jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ní Thuringia, ará Bavaria á lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Bavaria á sinmi fún Ọjọ́ Gbogbo Àwọn Ènìyàn Mímọ́, Thuringia á lọ síbi iṣẹ́. Ìkíni wọn pàápàá kò dọ́gba: "Grüß Gott" ni ti Bavaria, "Guten Tag" ni ti Thuringia. Kò sí ẹni tó ń jà sí i. Bó ti rí kí 1945 tó dé náà nìyẹn, àyàfi pé ilé ẹ̀kọ́ kò tún jẹ́ ẹyọ kan mọ́. Àwọn ọmọ ìhín àti tọ̀hún ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí ọ̀nà bá gbé ẹ̀yin tàbí ọmọ yín dé ìhà ibẹ̀, gbogbo àlejò ló ń sáré lọ ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo odò náà.