Ilé alásopọ̀ l'Abuja àbí ilẹ̀ ní Suleja: èwo ni ká fi owó wa rà?

Ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu àwọn èèyàn wa níbi ìpàdé ẹgbẹ́ báyìí ni ti ilé alásopọ̀, èyí tí àwọn tó ń kọ́ ọ ń pè ní tẹ́ráàsì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tóóró ni; mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́wàá á tò mọ́ra wọn bí eyín, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹ̀yin àti aládùúgbò yín. Lokogoma, Lugbe, Apo àti Gwarinpa kún fún un. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí ní Suleja, tó ń jìjàdù kọjá Madalla àti Zuba kó tó débi iṣẹ́, kò ní ṣàì rò ó wò. Àwa náà rò ó.

Ire inú rẹ̀ kò kéré. Ẹ kò ní bá ọmọ onílẹ̀ fa wàhálà, ẹ kò sì ní fi ọdún mẹ́wàá kọ́ ilé tí owó sìmẹ́ńtì ń sá lọ níwájú yín. Ẹ san owó, ẹ gba kọ́kọ́rọ́. Géètì wà, ọlọ́dẹ wà. Fún tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ l'Abuja, tí ọmọ wọn kò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, a ò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ìwé ilẹ̀. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. L'Abuja, mínísítà ló ń ṣe é lórúkọ Ààrẹ. Nígbà tí ètò ilé kíkọ́ rẹpẹtẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́lé ni wọ́n ń pín ilẹ̀ fún, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ gbé inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi sanwó tán, tí wọ́n kó wọlé, tó sì jẹ́ pé rìsíìtì àti ìwé àdéhùn nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá jẹ báńkì ní gbèsè, tàbí tí ìjọba gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni ẹ fẹ́ lọ bá? Ní 2025, ìjọba Abuja kéde pé àwọn yóò máa fún ẹni tó ra irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìwé tirẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ìkéde kọ́ ni ìwé. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yẹ ilẹ̀ náà wò ní AGIS. Lọ́yà tiyín o, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á! A kò gbàgbé àwọn ilé tó di àlàpà láàárín 2003 sí 2007, nígbà tí Nasir el-Rufai jẹ́ mínísítà.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń gbé ayé wa. Ìyá tó ń ta aṣọ fẹ́ ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé. Bàbá tó fẹ̀yìn tì ń retí owó yàrá méjì tó fi háyà. Nínú tẹ́ráàsì, kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí yàrá tí ẹ lè fi kún un, torí ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù kò ju ibi tí mọ́tò kan lè dúró sí. Ẹ fẹ́ ṣe ìkómọ, ẹ ó tọrọ àyè kí ẹ tó ta àtíbàbà. Owó ọlọ́dẹ àti owó jẹnẹrétọ̀ kì í dúró de owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ ogún ńkọ́? Ilé tó ní àgbàlá, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan lè mú apá kan níbẹ̀. Tẹ́ráàsì kan kò ṣeé là sí mẹ́ta. Títà ni wọ́n á tà á, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ lórí owó rẹ̀.

Ilẹ̀ Suleja náà kò dá wà láìsí wàhálà. Wọ́n lè ta púlọ́ọ̀tì kan fún ẹni mẹ́ta, ìwé olórí àdúgbò nìkan kò sì tó láti gbà yín. Ẹ bá ìwé yín dé Minna, kí C of O jáde.

Àwọn àgbà kan ní kí a má tilẹ̀ náwó sórí ilé nílùú onílùú. A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wá. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èjìgbò ló fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà la wà yìí, abala 43 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sì fún ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ní ẹ̀tọ́ láti ní ilé níbikíbi nínú rẹ̀. Ohun tí a kò fara mọ́ ni kí ẹnì kan ta ilé bàbá rẹ̀ nílé láti fi ra ilé alásopọ̀.

Ẹni tó jẹ́ owó ìfẹ̀yìntì nìkan ló ní, a ní kó ra ilẹ̀ tó ní C of O, kó sì kọ́ yàrá díẹ̀díẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ fún àpò owó ilé, kó lọ béèrè ìyáwó ní Federal Mortgage Bank. Kó mú ìwé ilé náà dání lọ. Bí wọ́n bá ní ìwé yẹn kò tó láti fi yá owó, kó fi ilé náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.