Fọ́ọ̀jì Kòkó Olọ́tí: Bí A Ṣe Ń Sè É, àti Ẹni Tí Ó Yẹ Kí A Gbé E Fún

Ọ̀rọ̀ dídùn ni mo gbé wá lónìí. Ìpanu kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí máa ń rí nínú fídíò, tí wọ́n sì máa ń rò pé àfi ẹni tí ó bá ní ilé ìdáná olówó ńlá ni ó lè sè é. Fọ́ọ̀jì ni wọ́n ń pè é. Ṣúgà, mílíìkì, bọ́tà àti ìyẹ̀fun kòkó ni a ń sè pọ̀ títí yóò fi ki. A ó rò ó, a ó dà á sínú àwo pẹrẹsẹ, a ó sì gé e wẹ́wẹ́ nígbà tí ó bá dì. Ẹni tí ó bá ti jẹ bàbá dúdú tàbí gúrúńdì rí ti mọ ìbátan rẹ̀. Bàbá dúdú a máa le koko lẹ́nu, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀jì a máa yọ́ lórí ahọ́n bí òrí tí a fi sí oòrùn.

Èyí tí a ó sè lónìí ní ọtí líle díẹ̀ nínú. Nítorí náà, apá kan ọ̀rọ̀ mi yóò jẹ́ ti ìdáná, apá kejì yóò sì jẹ́ ti àwọn ènìyàn tí a fẹ́ gbé àwo náà síwájú wọn.

Ibi tí ó ti wá, àti ibi tí kòkó ti wá

Amẹ́ríkà ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa fọ́ọ̀jì. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Emelyn Hartridge, tí ó kàwé ní Vassar College, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ní ọdún 1886, wọ́n ń tà á ní ìlú Baltimore ní ogójì sẹ́ǹtì fún ìwọ̀n pọ́n-ùn kan. Ní ọdún 1888, òun fúnra rẹ̀ sè é ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba tirẹ̀ gidigidi. Oúnjẹ àwọn ọ̀dọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, èyí tí a ń fi ìkòkò kan ṣoṣo sè.

Ṣùgbọ́n kòkó tí ó fún un ní adùn kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní agbègbè tiwa, láàárín Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ilẹ̀ ọ̀dàn àti ilẹ̀ igbó ti ń pàdé ara wọn. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ọmọ Òkukù ni ó kó ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn, níbi tí igbó ti dí, láti lọ dá oko kòkó. Ìyá ìyá mi wà nínú àwọn tí ó bá ọkọ lọ. Ó pa kòkó, ó sá kòkó, ó mọ òórùn rẹ̀ nígbà tí ó bá ń kan nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì mọ ìró rẹ̀ nígbà tí ó bá gbẹ tán lórí ẹní. Owó irú kòkó bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣe ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955, orúkọ rẹ̀ sì ni a fi pe ilé gogoro tí wọ́n parí ní Ìbàdàn ní ọdún 1965. Síbẹ̀, ìyá mi àgbà ti dàgbà kí ó tó mọ ohun tí àwọn òyìnbó ń fi kòkó rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ tí mo gbé fọ́ọ̀jì lé e lọ́wọ́ ní Òkukù, ó jẹ ẹ́, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Ṣé ohun tí ó wà nínú hóró náà nìyí? Ó mà fi ara pamọ́ fún wa pẹ́ o.”

Ohun èlò

Ẹ wá ṣúgà 400 gíráàmù àti ìyẹ̀fun kòkó tí kò ní ṣúgà nínú, 40 gíráàmù, èyí tí ó tó nǹkan bí ṣíbí ìjẹun mẹ́fà. Ẹ wá mílíìkì olómi inú agolo kan, 160 gíráàmù, kí ẹ sì fi omi 80 mílílítà kún un. Ẹ wá bọ́tà ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, iyọ̀ ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú, àti ọtí líle ṣíbí ìjẹun méjì, èyí tí í ṣe 30 mílílítà.

Ẹ má ṣe fi Milo tàbí Bournvita dípò ìyẹ̀fun kòkó o. Ṣúgà àti ọkà ti wà nínú wọn, wọn kò sì ní jẹ́ kí ó dì dáadáa. Àwọn kan máa ń yọ́ ṣokoléètì odidi mọ́ mílíìkì oníṣúgà inú agolo, wọ́n á sì gbé e sínú fíríìjì. Ọ̀nà ìrọ̀rùn ni fún ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní tiwa, ṣokoléètì wọ́n. Ní àfikún, ọ̀rá kòkó inú rẹ̀ a máa yọ́ ní ìwọ̀n gbígbóná bí 34 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó sí ọjà Ìkìrun ní ọ̀sán oṣù kẹta mọ̀ pé oòrùn ibẹ̀ lè dé ìwọ̀n yẹn. Èyí tí a fi ìyẹ̀fun kòkó sè lórí iná kò nílò fíríìjì, bí iná ọba bá sì lọ, kò kàn án.

Bí a ó ṣe sè é

Ẹ fi bọ́tà díẹ̀ pa inú àwo onígun mẹ́rin tí ó fẹ̀ tó 18 sẹ̀ńtímítà. Ẹ po ṣúgà, ìyẹ̀fun kòkó àti iyọ̀ pọ̀ ní gbígbẹ nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, kí kòkó má bàa ṣù. Kí ìkòkò náà jìn dáadáa, nítorí pé ohun tí a ń sè yóò ru sókè. Ẹ da mílíìkì àti omi sí i, kí ẹ gbé e ka iná tí kò le, kí ẹ sì máa rò ó jẹ́jẹ́ títí ẹ kò fi ní gbọ́ ìró ṣúgà mọ́ ní ìdí ìkòkò.

Nígbà tí ó bá hó, ẹ dín iná kù, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ kí ó máa hó bẹ́ẹ̀ láìrò ó mọ́. Yóò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná, kí ó dúró de 114 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tí kò bá ní, omi tútù inú ife tó o. Ẹ kán díẹ̀ sínú omi náà. Bí ó bá túká bí ẹ̀jẹ̀ inú omi, ó kù. Bí ẹ bá lè fi ìka kó o jọ di òkòtó rírọ̀ kan, tí ó sì ń tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tí ẹ bá mú un jáde, ó ti tó. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ju bọ́tà sí orí rẹ̀, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án. Ibí yìí ni sùúrù wà. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí a bá rò ó nígbà tí ó ṣì gbóná, ṣúgà inú rẹ̀ yóò dì ní hóró ńláńlá, yóò sì máa rín eyín bí gaàrí. Bí a bá jẹ́ kí ó tutù títí àtẹ́lẹwọ́ fi lè gba ìdí ìkòkò láìjó, hóró rẹ̀ yóò kéré débi pé ahọ́n kò ní mọ̀ ọ́n. Èyí lè gbà tó wákàtí kan.

Nígbà náà ni kí ẹ da ọtí sí i. Kí iná ti kú, kí ìgò ọtí má sì sún mọ́ sítóòfù kankan, nítorí pé ọtí líle a máa gbiná. Ẹ wá mú ọmọrogùn, kí ẹ sì rò ó bí ẹni ń ro àmàlà. Ọwọ́ tí ó mọ àmàlà rò kò ní ìṣòro níbí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ó rí i pé ó ń le sí i, dídán ara rẹ̀ yóò sì lọ. Ẹ tètè dà á sínú àwo, nítorí pé kì í pẹ́ dì. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ gé e sí mẹ́fà ní òró, mẹ́fà ní ìbú: ẹyọ mẹ́rìndínlógójì nìyẹn. Nínú ike tí a dé dáadáa, yóò lo ọ̀sẹ̀ kan láìbàjẹ́. Bí ó bá kọ̀ tí kò dì, ẹ dá a padà sínú ìkòkò pẹ̀lú omi díẹ̀, kí ẹ tún un sè. Èyí tí ó ṣú bí gaàrí náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọtí wo ni kí a lò?

Rọ́ọ̀mù ni ó bá kòkó mu jù. Ṣìnáàpù náà dára. Àwọn kan yóò béèrè pé ògógóró ńkọ́, ṣebí tiwa ni. Lóòótọ́, tiwa ni. Láti inú ẹmu ni a ti ń pọn ọ́n, ìjọba amúnisìn sì ka pípọn rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Ọtí tí májèlé mẹtanọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn mu. Ojú wọn ṣú, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bọ́. Mẹtanọ́ọ̀lù kò ní àwọ̀ tí a fi lè dá a mọ̀, adùn kòkó yóò sì bo ìtọ́wò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ọtí inú ìgò tí a kò tíì ṣí ìdérí rẹ̀, tí nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, ni kí ẹ lò. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń wọ̀n nínú jálá.

Ta ni yóò jẹ ẹ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé iná ti gbé ọtí lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Lẹ́yìn iná ni a da tiwa sí i, nítorí náà púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí ọtí náà bá jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, 30 mílílítà rẹ̀ ní ọtí gidi 12 mílílítà. Bí a bá pín in sí ẹyọ mẹ́rìndínlógójì, ẹyọ kan ní ìdá kan nínú mẹ́ta mílílítà. Ó kéré. Odidi àwo náà kò tó ìdajì ìgò bíà kan. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò kan gbogbo ènìyàn.

Àbúrò bàbá mi kan wà ní Ìnísà. Gáńà ni wọ́n bí i sí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà tí àwọn òbí wọn lọ ṣòwò níbẹ̀, òfin ọdún 1969 ni ó sì dá wọn padà sílé. Títí di òní, ó fẹ́ràn ohunkóhun tí ó bá ní ṣokoléètì nínú, nítorí pé ó ń rán an létí ìgbà èwe rẹ̀. Ọtí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́ nígbà kan rí. Ó di ọdún mẹ́jọ tí kò ti fi ẹnu kàn án. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìkìrun, wọ́n gbé fọ́ọ̀jì kan kalẹ̀ tí alásè mú wá. Kò sí ẹni tí ó sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bàbá mú ẹyọ kan, ó gbé e dé ẹnu, òórùn rẹ̀ sì dá a dúró. Mo rí i bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n nígbà tí ó dá a padà. Alásè náà rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ẹ má bínú, Bàbá, díẹ̀ báyìí ni.” Bàbá dáhùn pé: “Ọmọ mi, n kò béèrè bóyá ó kéré. Ẹ kàn sọ fún mi.”

Lórí àga kan náà, àwọn ẹbí bàbá mi tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí jókòó, pẹ̀lú aboyún kan àti àwọn ọmọdé mẹ́rin. Gbogbo wọn ni ó ní ìdí tí ó fi yẹ kí wọ́n mọ̀. Àlejò tí ó na ọwọ́ sí àwo wa ti fi ọkàn tán wa. Kò tọ́ kí a fi adùn ra ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, àwo méjì ni mo máa ń sè fún àríyá. Nínú èkejì, mo ń fi èèpo ọsàn tí a rẹ́ kúnná àti ata ilẹ̀ ṣíbí tíì kan rọ́pò ọtí. Èyí ni mo kọ́kọ́ máa ń gé, kí ọ̀bẹ olọ́tí má bàa kàn án. Ẹ kíyè sí fáníílà olómi pẹ̀lú: ọtí wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí náà ẹ ka ara ìgò. Mo ń gé olọ́tí ní gbọọrọ, mo sì ń gé èyí tí kò ní ọtí ní onígun mẹ́rin. Mo ń kọ “Ọtí wà nínú èyí” gàdàgbà sí iwájú àwo kìíní, mo sì ń gbé e sí orí tábìlì tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa tà á, ẹ kọ ọ́ sí ara páálí pẹ̀lú. Kò ní lé oníbàárà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò rà á, ẹni tí kò fẹ́ yóò sì mọ̀ pé olóòótọ́ ni yín, yóò ra ti ọsàn.

Bàbá Ìnísà ti jẹ èyí tí mo fi ata ilẹ̀ sè. Ó jẹ mẹ́rin, ó sì ní kí n di márùn-ún fún òun lọ sílé. Ẹ dán an wò ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì bi àwọn àlejò yín léèrè kí ẹ tó yan ìgò. Ìdáná yín kò ní mú yín lójú o. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.