Àkọlé Igo Ń Wí Tirẹ̀, Omi Inú Rẹ̀ Ń Wí Tirẹ̀

Ẹ̀yin olùdìbò wa n'ílé l'óko, ọ̀rọ̀ adìyẹ àt'ewúrẹ́ la fẹ́ bá yín sọ lónìí, ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Owó ilé-ìwé ọmọ ń bẹ l'ára ewúrẹ́. Obìnrin tó ń sin igba adìyẹ l'ẹ́yìnkùlé, báńkì rẹ̀ ló ń fún l'óúnjẹ l'áràárọ̀ yẹn.

Ẹ wá wò ó ná. Obìnrin yìí gbọ́ pé lùkúlùkú ti wọ àdúgbò. Ó sáré lọ s'ọ́jà, ó ra òògùn àjẹsára. Àkọlé ara igo pé pérépéré: orúkọ ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wà níbẹ̀, nọ́ńbà NAFDAC pàápàá wà níbẹ̀. Ó pò ó mọ́ omi, ó fún wọn mu. Kò pẹ́, agbọ̀n ló fi ń kó òkú adìyẹ. Àwọn ará ilé ní ayé ló ń ṣe é. Ayé kọ́! Inú yìnyín ló yẹ kí àjẹsára yìí wà láti ilé-iṣẹ́ títí dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó. Bí oòrùn bá ti pa á l'órí àtẹ, omi lásán ló kù. Àwọn ọ̀dájú kan tilẹ̀ ń ha ọjọ́ àtijọ́ kúrò, wọ́n á tẹ tuntun lé e.

A kò ní í parọ́ mọ́ ìjọba. L'óṣù kejì ọdún 2025, NAFDAC lọ ti ọjà òògùn Ìdúmọ̀tà l'Ékòó pa, pẹ̀lú ti Onitsha àti ti Aba. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òògùn èèyàn ni ariwo ọjọ́ náà dá lé. Ta ló dé ọjà ọrọọrún tiyín? Ta ló tú àpò ẹni tó ń gbé abẹ́rẹ́ ẹran kiri l'órí ọ̀kadà? A kò sì ní kí wọ́n wá mú ìyá arúgbó tó ń tà á, kí ẹni tó tẹ àkọlé máa sùn n'ílé o. Ìyá náà rà á ni.

Òfin wà. Òfin òògùn ayédèrú ti 1999 kò yọ òògùn ẹran sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 15 ni ìjìyà rẹ̀, tàbí owó ìtanràn tí kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ, tàbí méjèèjì. Ẹ gbọ́ "tàbí" yẹn dáadáa. Ní 1999, ₦20 ni lítà epo mọ́tò. Ẹ̀yin náà mọ iye tí ẹ rà á l'ánàá. Ẹni tó kó òògùn ayédèrú kún ọkọ̀ kan yóò yọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà l'ápò, yóò sì gba ibẹ̀ lọ s'ílé.

Ewu náà kò sì mọ l'ára ẹran. Òògùn bíi tẹtirasáíkílìn ní iye ọjọ́ tó yẹ kí á dúró kí á tó jẹ ẹyin tàbí ẹran. Bí àkọlé bá parọ́ ohun tó wà nínú igo, ta ni yóò mọ iye ọjọ́? Ọmọ yín ni yóò jẹ ìyókù rẹ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bèèrè kò ṣòro. Kí owó ìtanràn bá èrè ọ̀daràn mu, kí àgbẹ̀ tí ẹran rẹ̀ kú sì gbà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà tí a ń ha, tí a fi ń ránṣẹ́ l'órí fóònù, tí NAFDAC bẹ̀rẹ̀ ní 2010, kí ó dé ara gbogbo òògùn ẹran. Ilé ìwádìí àrùn ẹran ní Vom, nítòsí Jos, ti wà láti 1924, wọ́n sì ń ṣe àjẹsára adìyẹ. Ṣùgbọ́n níbi tí yìnyín bá ti yọ́ l'ọ́nà, iṣẹ́ wọn ti ṣòfò. Nítorí náà, kí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ní dókítà ẹran àti fìríìjì tó ń ṣiṣẹ́.

Àwọn tó wà l'órí oyè ń bọ̀ wá tọrọ ìbò. Wọn yóò jẹ iyán yín, wọn yóò jẹ adìyẹ yín. Kí wọ́n tó fọwọ́ nù, ẹ bi wọ́n pé: l'órí òògùn ẹran ayédèrú, ta lẹ ti fi s'ẹ́wọ̀n ní ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí? Ẹ má sì ju igo òfìfo yẹn nù. Ẹ fi lé wọn l'ọ́wọ́.