Ta ni àjèjì tó fẹ́ ra ilé? Láti Osi dé Accra, Dubai àti London

Bí ọmọ Osi tàbí ọmọ Iloffa tó wà lókè òkun bá fẹ́ ra ilé níbi tó wà, iye owó ló kọ́kọ́ máa ń béèrè. Èló ni fúláàtì oníyàrá méjì ní Dubai? Èló ni ẹni tó fẹ́ fi mọ́gééjì rà á ní London máa kọ́kọ́ san? Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: kí ni òfin ibẹ̀ pe ẹni tó fẹ́ rà á, ṣé ọmọ onílẹ̀ ni àbí àjèjì? Torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó sanwó ilé ló di onílé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iye ọdún kan ni wọ́n rà.

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti àti Oke-Ero ní Kwara, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn àgbà dáadáa. Láyé òyìnbó, abẹ́ Ilorin Province, ní apá Àríwá, ni wọ́n kó agbègbè yìí sí. Ọ̀tùn náà wà níbẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́ lọ́dún 1936, tí wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ àwọn Ekiti yòókù. Osi, Obbo àti Iloffa kò bá wọn lọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Willink jókòó lórí ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹ̀yà kéékèèké, àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ lọ́dún 1958 kò sún ààlà náà. Bó ṣe di pé àwọn ìlú tí wọ́n jọ ń fẹ́ra wọn, tí wọ́n jọ ń nájà, bọ́ sí abẹ́ òfin ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Lọ́dún 1962, ìjọba Àríwá ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Land Tenure Law. Òfin náà pín èèyàn sí méjì. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ẹ̀yà tó jẹ́ onílẹ̀ ní Àríwá, ọmọ ìbílẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, "non-native" ni, kò sì gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ láìjẹ́ pé ìjọba fọwọ́ sí i. Kì í ṣe òyìnbó tàbí ará Lẹ́bánónì nìkan ni wọ́n fi òfin náà dè o. Ọmọ Nàìjíríà tó wá láti Gúúsù wà lára wọn. Ẹ wá wo ará Osi àti ará Ọ̀tùn: èdè kan, ìṣe kan, bóyá ìyá kan pàápàá, ṣùgbọ́n ará Àríwá ni ìwé ìjọba pe ọ̀kan, ará Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n pe èkejì. Òfin Land Use tí ìjọba ológun ṣe lóṣù kẹta ọdún 1978 ló wá sọ pé gómìnà ló di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà.

Èyí tó dun àwọn èèyàn wa jù, Ghana ló ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá, láti Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ló ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, àwọn míì ò tiẹ̀ rántí ọ̀nà ilé mọ́. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ, 1969, òfin orílẹ̀-èdè tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ghana. Ilẹ̀ tó jẹ́ ti àjèjì títí láé di ilẹ̀ tí wọ́n yá a fún ọdún 50 péré, ọjọ́ náà gan-an sì ni kíkà ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá, tí ìjọba Busia fi pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú fi Ghana sílẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ta ló fẹ́ ta ilé láàrin ọ̀sẹ̀ méjì kó rí owó gidi gbà? (Àwa náà ṣe irú rẹ̀ fún wọn ní 1983, ìdí tí wọ́n fi ń pe àpò yẹn ní "Ghana Must Go" nìyẹn.)

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fọkàn sí ni pé òfin náà ò tíì kúrò. Ó wà nínú abala 266 ìwé òfin Ghana ti 1992: àjèjì kò lè ní ilẹ̀ títí láé níbẹ̀, kò sì lè gbà á ju ọdún 50 lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n yí ìwé wọn padà ní 1969, ọdún wọn pé ní oṣù kẹjọ 2019. Ẹni tó bá ń wá ilé bàbá rẹ̀ kiri ní Accra tàbí Kumasi báyìí, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn, kó tó gbé lọ́yà. ECOWAS kò yí i padà. ECOWAS jẹ́ kéèyàn wọ Ghana fún ọjọ́ 90 láìgba físà, kò sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀.

Dubai là á mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin keje ti ọdún 2006 sọ pé àjèjì lè ra ilé kó sì jẹ́ tirẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ní àdúgbò tí ọba ibẹ̀ bá ti yàn fún un nìkan. Ó tún lè gba ẹ̀tọ́ lílo ilé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, èyí tí kò gbọ́dọ̀ ju ọdún 99 lọ. Àwọn tó ń polówó ilé lórí WhatsApp kì í sábà sọ èwo nínú méjèèjì ni wọ́n ń tà. Bí ilé náà kò bá tíì parí, òfin kẹjọ ti 2007 ní inú àkáǹtì pàtàkì tí wọ́n ṣí fún iṣẹ́ ilé náà ni kí owó wọ̀, kì í ṣe àpò ẹni tó ń tà á. Ní ti físà ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ń fún ẹni tó ní ilé tó tó mílíọ̀nù méjì dírámù, ìwé ìgbélùú ni. Kì í ṣe ìwé ọmọ onílùú.

Canada ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ kìíní ọdún 2023 mọ́ ọ̀pọ̀ àjèjì tó fẹ́ ra ilé gbígbé, wọ́n sì ti sún òpin rẹ̀ di ìbẹ̀rẹ̀ 2027. Ẹni tó bá ti ní PR kò sí lára wọn.

Ìlú òyìnbó kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, owó orí ni wọ́n fi ń mú èèyàn. Ní England, ẹni tí kò lo tó ọjọ́ 183 níbẹ̀ láàrin oṣù méjìlá tó ṣáájú rírà máa san ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lé lórí owó orí ilé tí gbogbo èèyàn ń san. Ẹni tó bá sì ti ní ilé mìíràn, ìdá márùn-ún ni àfikún tirẹ̀ láti ìparí oṣù kẹwàá 2024. Ibi tó ti ń bá àwọn èèyàn lábo ni pé ilé tó wà níbikíbi láyé ni wọ́n ń kà, bí ìpín ẹni náà nínú rẹ̀ bá ti tó £40,000. Ilé àjogúnbá pàápàá wà nínú rẹ̀. Ilé abúlé lè má tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ilé Ilorin tàbí ti Lekki lè tó o. Obìnrin tó rò pé ilé àkọ́kọ́ lòun ń rà ní London lè rí i pé ilé kejì ni ìjọba pè é.

Nílé ńkọ́? Lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ nínú ẹjọ́ ará Jámánì kan pé ọmọ Nàìjíríà ni òfin Land Use ṣe ẹ̀tọ́ ilẹ̀ fún, kì í ṣe àjèjì. Èyí kan àwọn ìdílé wa ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí Manchester, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni lábẹ́ abala 25 ìwé òfin wa. Páásípọ́ọ̀tù Britain tó ní kò gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, abala 43 sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti ra ilẹ̀ níbikíbi ní Nàìjíríà. Ìyàwó òyìnbó tí ọmọ Iloffa fẹ́ lè béèrè pé kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ bí ọmọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n òyìnbó tó fẹ́ ọmọbìnrin Iloffa, òfin ò fún un ní irú àǹfààní yẹn. Ó lè fowó rẹ̀ kọ́lé sí Iloffa láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, kó má sì lè fi orúkọ ara rẹ̀ gba C of O. Kò tọ́, àmọ́ bí ìwé òfin ṣe wí nìyẹn.

Ohun tí àwọn míì máa ń ṣe ni pé kí wọ́n fi orúkọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ra ilẹ̀. Àjèjì tó ṣe bẹ́ẹ̀ láti yẹra fún òfin ń fi ara rẹ̀ wéwu, torí bí ìjà bá dé, òun ni yóò máa ṣàlàyé fún kọ́ọ̀tù ìdí tí orúkọ rẹ̀ ò fi sí nínú ìwé. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ló ń yani lẹ́nu. Òfin ò lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn, síbẹ̀ wọ́n ń fowó ránṣẹ́, wọ́n ní kí wọ́n kọ orúkọ àbúrò sí i torí pé àwọn ò sí nílé. Bí àbúrò bá kú, ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa bá nínú àpótí ni orúkọ bàbá wọn. Ìwé power of attorney, tí wọ́n bá fọwọ́ sí i níwájú notary lọ́hùn-ún, ló ń jẹ́ kí àbúrò lè bá wọn ra ilẹ̀ náà ní orúkọ ẹni tó sanwó.